Kí Ni Yóò Parí Iyàn? Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí Àríyànjiyàn nípa Kọ̀ǹpútà, Géèmù àti Sáyẹ́ǹsì, tí a ṣe ní Ìwáyà

Ẹ jẹ́ kí jẹnẹrétọ̀ ìta yẹn máa sọ tirẹ̀, èmi náà á máa sọ tèmi. Bí ohùn mi kò bá dé ẹ̀yìn, ẹ nawọ́ sókè.

Àwọn tó pè mí kọ́kọ́ ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ìmọ̀ ẹ̀rọ àti ọjọ́ iwájú àwọn ọ̀dọ́. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gbà mí lọ́wọ́ ọjọ́ iwájú, nítorí gbogbo òṣèlú ló ti sọ ọ́ tán. Ohun tí mo ń gbọ́ lójoojúmọ́ ni mo fẹ́ sọ. Láti ojú títì Ìwáyà títí dé Òníkẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe, níbi tí wọ́n ti ń gba dátà, lẹ́nu géètì yunifásítì, iyàn ni. iPhone ni àbí Android? Ṣé ẹ̀rọ lè ronú? Ta ló dá íntánẹ́ẹ̀tì sílẹ̀? Àwọn tó ń jà á kì í ṣe ọ̀lẹ. Wọ́n mọ̀wé, wọ́n mọ ẹ̀rọ, ọ̀rọ̀ náà sì ń dùn wọ́n dọ́kàn. Síbẹ̀, ohun tí wọ́n jà lọ́dún tó kọjá náà ni wọ́n tún ń jà lọ́dún yìí, bí ẹni pé wọn ò sọ ọ́ rí.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo gbé wá: kí ni ó ń parí iyàn? Ìdáhùn mi rèé, kí ẹ má baà máa retí rẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú: àdéhùn tí a ṣe kí iyàn tó bẹ̀rẹ̀ ló ń parí rẹ̀. Bí èmi àti ìwọ kò bá kọ́kọ́ fohùn ṣọ̀kan lórí ohun tí yóò mú ọ̀kan nínú wa sọ pé “mo gbà fún ọ”, a lè jókòó di òwúrọ̀, iyàn wa kò ní parí. Yóò kàn rẹ̀ wá ni.

1. Kí ni mo ń pè ní iyàn?

Ẹni tí kò bá la ọ̀rọ̀ rẹ̀ yé ènìyàn, ohun tó wu olúkúlùkù ni wọn yóò gbọ́. Ohun tí mo ń pè ní iyàn lálẹ́ yìí ni kí ènìyàn méjì sọ ohun méjì nípa nǹkan kan, kí méjèèjì má lè jẹ́ òótọ́ pọ̀. Bí mo bá ní àmàlà dùn mọ́ mi lẹ́nu, tí ìwọ ní ẹ̀bà ni tìrẹ, a kò jiyàn. Oúnjẹ la ń sọ. Ṣùgbọ́n bí Lágbájá bá ní bátìrì fóònù òun ń pẹ́ ju ti Tàmẹ̀dò lọ, tí Tàmẹ̀dò ní irọ́ ni, iyàn ti dé.

Mo pín iyàn àwa olólùfẹ́ ẹ̀rọ sí mẹ́ta. Ti ìwọ̀n wà: ohun tí a lè kà, tí a lè fi aago tàbí òṣùwọ̀n mú. Ti àkọsílẹ̀ wà: ta ló ṣe é, ọdún wo ló ṣe é, níbo ni wọ́n kọ ọ́ sí? Ti adùn sì wà: èwo ló wù mí? Èyí tó kẹ́yìn yìí kì í ṣe iyàn rárá ní ìtumọ̀ tí mo fún un, ṣùgbọ́n ó máa ń wọ aṣọ iyàn jáde.

Ti bátìrì yẹn rọrùn. Ẹ gba agbára sí fóònù méjèèjì kó kún, ẹ fi iná ojú wọn sí iye kan náà, ẹ tan fídíò kan náà lórí wọn, ẹ jókòó kí ẹ máa wò. Ẹ jẹ́ kí n mú èyí tó sún mọ́ ilé. Àwọn kan ní kọ̀ǹpútà ti gba èdè Yorùbá tán; àwọn kan ní kò tíì gbà á. Iyàn ìwọ̀n ni, ó sì ṣeé wọ̀n. Ẹ tẹ “ọ̀rọ̀” sórí kọ̀ǹpútà. Lẹ́tà mẹ́ta lojú yín rí. Ẹ ní kí kọ̀ǹpútà kà á, yóò ní 5 ni. Bí wọ́n bá sì tẹ̀ ẹ́ ní ọ̀nà kejì, yóò ní 7. Unicode, tó fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà, ní nọ́ńbà kan fún “ọ” alámì-ìsàlẹ̀. Abala tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún èdè Vietnam ló wà. Ṣùgbọ́n tí a bá fi àmì ohùn lé e lórí, kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo fún un mọ́. Àmì náà yóò dá dúró bíi lẹ́tà kejì. Bí a bá sì ya àmì ìsàlẹ̀ náà sọ́tọ̀, ó di mẹ́ta. Ẹni tó bá kọ ọ̀rọ̀ náà ní ọ̀nà kan, tí ẹlòmíràn wá a ní ọ̀nà kejì, ààpù tí wọn ò ṣe dáadáa yóò dáhùn pé kò sí irú rẹ̀ níbí, bẹ́ẹ̀ ó wà lójú ìwé náà gbàgàdà. Kọ̀ǹpútà ti mọ Yorùbá kọ. Ààpù tí kò mọ̀ ọ́n wá ṣì ń bẹ. Àwọn méjì tó ń jà náà, ọ̀rọ̀ nípa kíkọ ni ọ̀kan ń sọ, ọ̀rọ̀ nípa wíwá ni èkejì ń sọ. Ká ní wọ́n ti sọ ọ́ ní àárọ̀, wọn ì bá ti jẹun ọ̀sán.

Iyàn tó ń gbóná jù láàárín wa ni èyí tó lọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Adùn ló ń bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú, ìwọ̀n ló ń dárúkọ, àkọsílẹ̀ ló sì ń purọ́ mọ́.

2. Ohun tí ilé géèmù mọ̀ tí gbọ̀ngàn ìwé kò mọ̀

Mo mọ̀ pé àwọn òbí kan níbí kò fẹ́ gbọ́ orúkọ ilé géèmù. Ẹ forí jì mí, ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ yín ni mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ sọ.

Yàrá kékeré kan ni. Tẹlifíṣàn, PlayStation tí wọ́n fi aṣọ bò nítorí eruku, pàádì méjì tí ọ̀kan nínú wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbọ́ràn mọ́, bẹ́ǹṣì tí ènìyàn mẹ́fà jókòó lé, oní-nǹkan lẹ́nu ọ̀nà tó ń gbowó. Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan pàádì, ẹ fetí sílẹ̀. Ìṣẹ́jú mélòó ni ìlàjì kan? Ṣé ẹnikẹ́ni lè mú Barcelona, àbí a ti yọ ọ́ kúrò? Ta ló ń gba pàádì tó dára? Bí iná bá lọ ńkọ́, ṣé a máa tún un bẹ̀rẹ̀ ni àbí ẹni tó ń léwájú ló jẹ ẹ́? Ẹni tó bá fìdí rẹmi ló ń sanwó. Ìgbà tí wọ́n bá sọ gbogbo rẹ̀ tán ni bọ́ọ̀lù ń yí. Bí fèrè ìparí bá dún, ọmọ tí wọ́n nà lè kùn, ó lè ní pàádì ló pa òun, ṣùgbọ́n yóò dìde, yóò sanwó, yóò fún ẹlòmíràn láyè. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ti ṣe ohun tó ń ṣòro fún ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé.

Ẹ wá gbọ́ àwọn ọmọ kan náà nígbà tí wọ́n bá bọ́ síta, tí iyàn di: èwo ló dára jù nínú géèmù bọ́ọ̀lù méjì, PES àti FIFA? Ẹni tó fẹ́ràn PES, bí bọ́ọ̀lù ṣe ń wúwo lẹ́sẹ̀ ló ń sọ. Ẹni tó fẹ́ràn FIFA, orúkọ gidi àti aṣọ gidi ló ń sọ, nítorí ní PES, tí Konami ń ṣe, ìgbà kan wà tí Liverpool ń jẹ́ Merseyside Red, tí Chelsea ń jẹ́ London FC; wọn ò gba àṣẹ láti lo orúkọ wọn ni. Ta ló gba àṣẹ, àkọsílẹ̀ ni, ó ti parí kó tó bẹ̀rẹ̀. Bí bọ́ọ̀lù ṣe ń wúwo, adùn ni, kò sí adájọ́ fún un. Ní 2021, Konami pa orúkọ PES tì, ó sọ ọ́ di eFootball. Ní 2023, EA, tó ń ṣe FIFA, náà pa orúkọ FIFA tì, ó sọ ọ́ di EA Sports FC. Orúkọ méjèèjì tí wọ́n ń jà lé lórí ti kú. Ìjà náà wà láàyè, ara rẹ̀ sì le.

3. Ilé ẹ̀kọ́ orí omi

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí iyàn ilé ẹ̀kọ́ kan, torí ojú wa ló ṣe. Ní 2013, Kúnlé Adéyẹmí, ayàwòrán-ilé tó kẹ́kọ̀ọ́ jáde ní Yunifásítì Èkó, àti ilé iṣẹ́ rẹ̀ tó ń jẹ́ NLÉ, gbé ilé ẹ̀kọ́ kan kalẹ̀ sórí omi ní Makókó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa níbí. Pákó ni wọ́n fi kọ́ ọ, ó rí ṣóńṣó lókè bí òrùlé tó délẹ̀, àjà mẹ́ta ló ní, orí àgbá ike 256 ló sì léfòó sí. UNDP, àjọ ìdàgbàsókè ti Ìparapọ̀ Orílẹ̀-Èdè Àgbáyé, wà lára àwọn tó ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀. Àwòrán rẹ̀ yí ayé ká. Ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2016, ẹ̀dà rẹ̀ kejì gba àmì ẹ̀yẹ Silver Lion níbi ìpàtẹ iṣẹ́ ilé kíkọ́ ní Venice. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì sí i, òjò ńlá rọ̀ ní Èkó, ti Makókó wó. Wọ́n ti kó àwọn ọmọ kúrò nínú rẹ̀ ṣáájú. Kò sẹ́ni tó fara pa.

Ẹ rántí iyàn tó tẹ̀ lé e. Àwọn kan ní: ẹ ò rí i bí, àwòrán lásán lòyìnbó fún ní ẹ̀bùn, ilé tí kò lè fara da òjò ọdún mẹ́ta péré! Àwọn kejì ní: ẹ ò lóye iṣẹ́ yìí, àpẹẹrẹ àkọ́kọ́ ni, àpẹẹrẹ kì í sì í gbé ayé títí. Àwọn ẹnjiníà bá àwọn ayàwòrán-ilé jà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Èkó ní Akọka bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Akọka jà.

Ẹ jẹ́ kí á fi òṣùwọ̀n wa sí i. Bí ó bá jẹ́ àpẹẹrẹ, ìbéèrè tó yẹ ni: kí la kọ́ níbẹ̀, ṣé èyí tó tẹ̀ lé e sì dúró? A lè dáhùn ìyẹn. Wọ́n tún irú rẹ̀ kọ́ sí Bruges ní Bẹ́ljíọ̀mù, wọ́n sì fi ètò kan náà kọ́ gbọ̀ngàn orin sórí omi ní Mindelo, ní Cape Verde. Lójú òṣùwọ̀n yìí, iṣẹ́ náà kò kú ní Makókó. Bí ó bá sì jẹ́ ilé ẹ̀kọ́, ìbéèrè tó yẹ ni: ṣé àwọn ọmọ jókòó sínú rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé? Ìyẹn náà ní ìdáhùn. Wọn ò jókòó síbẹ̀ mọ́.

Ìdáhùn méjèèjì tọ̀nà, wọn ò sì ta kora. Kí ló wá ń fa ariwo? Àwọn tó kọ́ ọ ti ń pè é ní àpẹẹrẹ tipẹ́. Àwọn ará ìta ń pè é ní ilé ẹ̀kọ́, nítorí orúkọ tó ń jẹ́ nìyẹn. Ohun kan náà, orúkọ méjì, òṣùwọ̀n méjì, kò sì sí ẹni tó jókòó pẹ̀lú ẹnìkejì láti sọ èyí tí wọn yóò lò.

Èmi náà ní èrò lórí rẹ̀, n kò ní fi pamọ́. Mo gbà pé iṣẹ́ ọgbọ́n ni. Mo sì gbà pé ẹni tó bá fẹ́ fi ọmọ ọlọ́mọ sínú àpẹẹrẹ, ó yẹ kó sọ fún ìyá ọmọ náà, kó tó gbé e wọlé, iye òjò tí àpẹẹrẹ náà máa gbà. Ayàwòrán-ilé kan ti bá mi fà á pé ìbéèrè mi kì í ṣe ti ìmọ̀ ẹ̀rọ, pé ti ìwà ni. Bóyá. Ṣùgbọ́n iye òjò ṣeé kà.



4. Ọ̀rọ̀ Emeagwali

Bí mo bá fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn olólùfẹ́ kọ̀ǹpútà ní ilẹ̀ yìí, orúkọ kan ni mo máa ń dá: Philip Emeagwali, ọmọ Íbò tí wọ́n bí ní Àkúrẹ́ ní 1954. Kí n tó mí, àwọn kan ti ní òun ló dá íntánẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, àwọn kan ti ní kò ṣe nǹkan kan, pé ariwo ìwé ìròyìn ni.

Iyàn àkọsílẹ̀ pọ́ńbélé ni èyí. Àkọsílẹ̀ ní: ní 1989, Emeagwali gba ẹ̀bùn Gordon Bell, ní apá tí wọ́n ti ń fi iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà ṣe wé iye owó rẹ̀. Ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ Connection Machine ló lò, tí ẹ̀yà aṣèṣirò kéékèèké 65,536 wà nínú rẹ̀. Ó pín ìṣirò bí epo rọ̀bì ṣe ń ṣàn lábẹ́ ilẹ̀ fún gbogbo wọn kí wọ́n jọ máa ṣe é lẹ́ẹ̀kan náà. Iṣẹ́ gidi ni, ẹ̀bùn gidi ni. Bill Clinton, ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, pàápàá dárúkọ rẹ̀ nígbà tó ń bá àwọn aṣòfin wa sọ̀rọ̀ ní Abùjá ní oṣù kẹjọ ọdún 2000.

Àkọsílẹ̀ náà ló tún sọ pé ARPANET, tó ṣáájú íntánẹ́ẹ̀tì, ti bẹ̀rẹ̀ ní 1969, nígbà tí Emeagwali jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Pé Vint Cerf àti Bob Kahn tẹ ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń bára wọn sọ̀rọ̀ jáde ní 1974. Pé wọ́n yí gbogbo ARPANET sórí ìlànà náà ní ọjọ́ kìíní ọdún 1983. Àti pé ní 1989 tí ọ̀gbẹ́ni wa gba ẹ̀bùn, Tim Berners-Lee ń gbé àbá Web kalẹ̀ ní CERN. Kí ẹ̀yà 65,536 jọ ṣe ìṣirò nínú àpótí kan, kí kọ̀ǹpútà ìlú méjì sì bára wọn sọ̀rọ̀, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Ó yẹ kó parí níbẹ̀. Kò parí, ẹ sì mọ ìdí. Ẹni tó ní ọmọ wa ló dá íntánẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ kò wá jiyàn ọdún. Iyì ló ń wá, ó fẹ́ kí orúkọ wa wà nínú ìtàn ayé. Ẹni tó ní kò ṣe nǹkan kan, ojú ń tì í fún àbùmọ́ ẹni àkọ́kọ́, ó bá gé gbogbo igi náà lulẹ̀, tòun ti ẹ̀ka tó ní èso. Ìfẹ́ inú ló ń jà, ó kàn gbé aṣọ àkọsílẹ̀ wọ̀ ni. Bí mo bá kọ́kọ́ bi wọ́n léèrè pé, “Ìwé wo, tí ọdún wo, ni yóò mú ẹ yí ohùn padà?”, ẹni tó bá ní kò sí, mo ti mọ̀ pé kí n lọ ra bọ́ọ̀lì mi jẹ.

5. Àwọn tó ń yẹ ààlà

Ẹnì kan wà tó ṣe ohun tí mo ń sọ yìí, tí iyàn rẹ̀ ò sì parí. Alan Turing, onímọ̀ ìṣirò, ni. Ní 1950, ó rí i pé “ṣé ẹ̀rọ lè ronú?” kò ní ibi tí a ti lè dì í mú. Ó pa á tì, ó fi ìdánwò rọ́pò rẹ̀: kí ènìyàn máa fi ìwé títẹ̀ bá àwọn méjì tí kò rí sọ̀rọ̀, ẹ̀rọ ni ọ̀kan, ènìyàn ni èkejì, bí kò bá lè mọ èwo ni èwo, ẹ̀rọ ti yege. Ẹ wo bó ti mọ́ tónítóní tó! Ṣùgbọ́n àdéhùn kì í ṣe ti ẹnì kan. Turing tọwọ́ bọ̀wé tirẹ̀; àwọn tó ń bá a jiyàn kò tọwọ́ bọ̀ ọ́.

Láti ìgbà náà, ẹ wo bí àwọn tó ní ẹ̀rọ kò lè ronú ṣe ń yẹ ààlà. Wọ́n ní ọjọ́ tí ẹ̀rọ bá na ọ̀gá nídìí ṣẹ́ẹ̀sì, á jẹ́ pé ó gbọ́n. Kọ̀ǹpútà Deep Blue na Kasparov ní oṣù karùn-ún ọdún 1997. Wọ́n ní ìṣirò lásán ni, ó di orí géèmù Go. AlphaGo na Lee Sedol 4 sí 1 ní 2016. Wọ́n ní géèmù náà ni, ó di ọjọ́ tó bá lè sọ̀rọ̀ bí ènìyàn. ChatGPT dé ní ìparí 2022, ó ń sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ló ń tò, kò mọ ohun tó ń sọ. Ó ṣeé ṣe kí òótọ́ wà nínú gbólóhùn ìkẹyìn yẹn; èmi gan-an sún mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n nílẹ̀ wa, ẹni tó bá fẹ́ yí ààlà oko padà, a máa ń pe ìdílé méjèèjì kí á tó hú pèrègún. Ẹni tó bá rí i pé ìdánwò àná kò lágbára, kó wí lójú gbogbo ayé pé, “Mo sọ pé ṣẹ́ẹ̀sì, mo ṣì í.” Ẹni tó hú u lóru, tó tún un gbìn síwájú, tó ń ṣe bí ẹni pé ibẹ̀ ló ti wà látilẹ̀, kò jiyàn mọ́.

6. Ẹni tó máa ní mo ń ba fàájì jẹ́

Mo gbọ́ ẹnì kan lápá òsì tó ń rẹ́rìn-ín. Ó ń wí lọ́kàn pé ṣé ká máa kọ àdéhùn ká tó ṣàwàdà ni? Rárá o. Nídìí ọpọ́n ayò, òǹwòran lè pariwo, ó lè bú ọ̀pẹ, ó lè kọ́ ọ̀ta ní ohun tí ọ̀ta mọ̀. Ẹnikẹ́ni kò béèrè ẹ̀rí lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn méjì tó jókòó nìkan ló ń ka ọmọ ayò, 48 sì ni gbogbo rẹ̀. Ẹ máa ṣe fàájì yín. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá kan owó, bí ìgbà tí ìjọba fẹ́ ra kọ̀ǹpútà fún ilé ẹ̀kọ́, tàbí tí ó kan ara, bí ìgbà tí wọ́n ń bẹ̀rù 5G ní 2020 tí àwọn kan ń so ó mọ́ Kòrónà, ìgbà yẹn ni kí ẹ kúrò nídìí òǹwòran.

Mo ti ń béèrè àdéhùn lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn. Ó yẹ kí n fi tèmi lélẹ̀. Kí ni yóò mú kí n gbà pé ohun tí mo sọ lálẹ́ yìí kò rí bẹ́ẹ̀? Ohun méjì ni. Bí ẹnì kan bá mú iyàn kan wá nípa ẹ̀rọ, tí tọ̀tún-tòsì rẹ̀ kò bá ara wọn ṣe àdéhùn kankan, síbẹ̀ tí ó parí, tí ẹni tó fìdí rẹmi fi ẹnu ara rẹ̀ gbà láìjẹ́ pé ó rẹ̀ ẹ́ tàbí pé ọ̀gá rẹ̀ ló ń bá a sọ̀rọ̀, mo gbà. Bí ẹ bá sì rí àwọn tó ṣe àdéhùn tó yé wọn dáadáa lórí iyàn ìwọ̀n, tí èsì jáde, tí kò sẹ́ni tó yẹ ààlà nínú wọn, tí wọ́n ṣì ń jà á, mo gbà fún yín lẹ́ẹ̀kejì. Àwọn ọmọ Akọka tó wà lẹ́yìn yẹn, mo ti ń rí ẹnu yín tó ń mì láti ìgbà tí mo dárúkọ PES. Alága, gbohùngbohùn rèé. Kí ẹni àkọ́kọ́ bọ́ síwájú.